Ká Gbafẹ́ Lórí Òkun Láìru Gbèsè Bọ̀ Wálé

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣápọ́n. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yìí rí lẹ́nu ìyá tàbí bàbá rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ń náwó bí ẹlẹ́dà là ń pè ní ẹni tó mọ ayé jẹ lónìí. Ẹni tó bá jókòó ṣírò kó tó tọwọ́ bọ àpò, ahun là ń pè é. Èrò yìí ń bí mi nínú. Ẹni tó mọ owó ná dáadáa ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, ó sì yẹ ká máa yìn ín bí a ti ń yin ahunṣọ tí etí aṣọ òkè rẹ̀ gún régé. Ibi tí mo fẹ́ ti fi èyí hàn lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu: ìrìn-àjò afẹ́ lórí òkun, irú èyí tí àwọn ènìyàn wa ní Amẹ́ríkà ń fi ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún, ayẹyẹ ìgbéyàwó àti ìsinmi ìdílé.

Ẹ lọ dúró ní èbúté Galveston ní Texas lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣí. Kò ju nǹkan bí àádọ́ta máìlì lọ sí Houston, ìlú tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti fìdí kalẹ̀ sí gan-an, tí Yorùbá sì pọ̀ láàárín wọn. Láti Oṣù Kejìlá 2023 ni ọkọ̀ ńlá Carnival Jubilee ti ń gbéra níbẹ̀, tó ń gbé ènìyàn lọ sí Cozumel ní Mẹ́síkò àti Roatán ní Honduras fún ọjọ́ méje. Yàrá méjì lè fara kan ara wọn nínú ọkọ̀ yẹn, kí bẹ́ẹ̀dì wọn dọ́gba, kí àwọn tó wà nínú wọn sì jọ máa jẹun lórí tábìlì kan náà, kó wá jẹ́ pé owó tí ẹni àkọ́kọ́ san kéré gan-an sí ti ẹnì kejì. Kò mọ ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì. Kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ti fi oṣù mélòó kan fara balẹ̀ ṣe ohun tí ẹnì kejì kà sí wàhálà ni. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ká tó sọ bó ṣe ṣe é, ó yẹ ká mọ ẹni tí à ń bá nájà. Ọdún 1972 ni Ted Arison bẹ̀rẹ̀ Carnival ní Miami. Ní ìrìn àkọ́kọ́ gan-an, ọkọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo, Mardi Gras, lọ há sórí iyanrìn létí èbúté, gbogbo ènìyàn sì ń wò ó. Ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn ló di èyí tó tóbi jù lágbàáyé nínú òwò yìí. Ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ ṣe kedere: ó ta tíkẹ́ẹ̀tì ní owó tí òṣìṣẹ́ lásán lè san, ó sì sọ inú ọkọ̀ di ọjà. Ní 2023, Carnival Corporation pa owó tó lé ní bílíọ̀nù 21 dọ́là wọlé, èyí tó lé ní bílíọ̀nù 7 nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì. Owó ọtí wà níbẹ̀, owó tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀, owó fọ́tò, owó ìfọwọ́ra, owó ìgbafẹ́ ní èbúté kọ̀ọ̀kan. Nínú ọkọ̀, èèyàn kì í sábà na owó bébà síta. Káàdì yàrá ni wọ́n máa ń gbà, wọn á fi kan ẹ̀rọ, wọn á rẹ́rìn-ín sí ọ, ọ̀rọ̀ sì parí títí di òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn tí ìwé owó bá jáde. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹni tó bá wọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ láìti ilé ṣírò wá, ẹlòmíràn ni yóò bá a ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ yẹn, tó san owó tó kéré, ṣe. Káàdì ẹ̀bùn ló fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí gift card. Owó tí a san sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan ni, tí a ó wá fi ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Carnival máa ń gbà á fún owó àsansílẹ̀, fún owó tíkẹ́ẹ̀tì, àti fún àkáǹtì inú ọkọ̀ pàápàá. AARP, ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1958, ti ń ta káàdì Carnival fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀dínwó láti ọjọ́ pípẹ́, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè rí káàdì 500 dọ́là rà ní 450. Àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi ń polówó ẹgbẹ́ náà, àmọ́ ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè wọ̀ ọ́, owó ẹgbẹ́ fún ọdún kan kò sì ju nǹkan bí 20 dọ́là lọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ Disney nítorí àwọn ọmọ, Target ni yóò lọ: káàdì ilé ìtajà náà ń yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí ọ̀pọ̀ ọjà, káàdì ẹ̀bùn Disney sì wà lára wọn.

Lẹ́yìn náà ló kan káàdì àwìn. Nígbà tí Discover dé ọjà ní 1986, tó sì ń dá díẹ̀ padà fún oníbàárà nínú owó tó ná, ó jọ ohun àrà létí ènìyàn. Lónìí kò sí báǹkì tí kò ní irú rẹ̀. Capital One Venture ń fún ni ní póìǹtì méjì lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, 10,000 póìǹtì sì lè pa 100 dọ́là rẹ́ nínú owó ìrìn-àjò. Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn ni Citi Double Cash, tí kì í gba owó ọdọọdún. Bí o bá rajà, ó fún ọ ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá kan yòókù, àfi ìgbà tí o bá san gbèsè náà. Ẹni tó gbé ìlànà yẹn kalẹ̀ mọ̀ pé ara èrè ọjà rírà ni owó sísan.

Ká ṣírò rẹ̀. Ká ní tọkọtaya kan fẹ́ lọ fún ọjọ́ méje, owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó èbúté jẹ́ 2,400 dọ́là. Wọ́n fi káàdì àwìn san 400 sílẹ̀. Fún 2,000 tó kù, wọ́n ra káàdì ẹ̀bùn mẹ́rin ní 450 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1,800. Wọ́n ti jèrè 200. Gbogbo owó tó jáde lápò wọn jẹ́ 2,200, káàdì tó ń dá ìdá méjì padà sì fún wọn ní 44 lórí rẹ̀. Ẹ yọ 20 dọ́là owó ẹgbẹ́ kúrò. Èrè wọn jẹ́ 224 dọ́là, láìṣe iṣẹ́ àfikún kankan, láìjẹ ẹnikẹ́ni lówó.

Ẹlòmíràn á ní 224 dọ́là kò tó nǹkan. Ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè wákàtí mélòó ni òun ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó kó tó rí iye yẹn lẹ́yìn owó orí. Àwọn obìnrin wa tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Houston mọ ohun tí mo ń sọ.

Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ẹ̀dínwó tí mo kà sílẹ̀ yìí lè lọ sókè, ó lè wá sílẹ̀, ilé ìtajà kan lè dáwọ́ rẹ̀ dúró kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ohun tí kì í yí padà ni ìwà ẹni tó ń ka ìwé àdéhùn. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mọ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yàtọ̀ sí ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́. Ẹ mú káàdì Blue Cash Preferred ti American Express. Ó ń dá ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún padà lórí ohun tí a bá rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, títí dé 6,000 dọ́là lọ́dún. Súpámákẹ́ẹ̀tì sì ń ta káàdì ẹ̀bùn Carnival lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì àti bọ́tà. Àwọn kan rí i, wọ́n pàtẹ́wọ́: ìdá mẹ́fà nìyẹn! Ṣùgbọ́n nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí, American Express kọ ọ́ pé ríra káàdì ẹ̀bùn kò sí lára ohun tí òun ń san èrè lé lórí. Ẹ̀rọ lè má tètè mọ̀. Owó náà lè wọlé lóṣù yìí, kó tún wọlé lóṣù tó ń bọ̀. Àmọ́ ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ sí pé òun kò ní ṣe, tó sì ń ṣe é ní kọ̀rọ̀, kò yẹ ká pè é ní ìtayọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì sì lágbára láti gba èrè padà kí wọ́n sì ti àkáǹtì pa. Káàdì náà tilẹ̀ ń gba 95 dọ́là lọ́dún. Ẹni tó bá gbà á nítorí ìrìn-àjò kan ṣoṣo, tó fi ra 2,000 dọ́là káàdì ẹ̀bùn, 120 ni yóò rí. Bí a bá yọ owó ọdún, ó ku 25. Nítorí dọ́là 25!

Gbèsè wá ni olórí ọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ láti òkè dá lórí ohun kan: kí a san owó káàdì tán pátápátá kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá, lóṣooṣù, láìṣẹ́ ku kọ́bọ̀. Àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà, rin ilẹ̀ Yorùbá já pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ń tà láwìn. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, àdúgbò á sì máa wò ó. Ìtìjú yẹn ń jẹ́ kí ènìyàn tètè wá owó. Báǹkì tó ni káàdì àwìn kì í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà pẹ̀lẹ́ ló máa ń kọ, á ní díẹ̀ péré ni kí o san lóṣù yìí, kò sí wàhálà. Èlé sì ń gun orí èlé.

Láti 2023 ni èlé káàdì àwìn ní Amẹ́ríkà ti kọjá ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ Federal Reserve, báǹkì àpapọ̀ wọn. Ká fi sí 21. Bí tọkọtaya wa yẹn kò bá rí 2,200 dọ́là wọn san, èlé rẹ̀ yóò jẹ́ dọ́là 38 àbọ̀ lóṣù kan. Lóṣù mẹ́fà, ó di 231. Gbogbo 224 tí wọ́n fi ọgbọ́n kó jọ ti wọlẹ̀, gbèsè náà sì wà níbẹ̀ láìdín. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Òfin tí Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí ní Oṣù Karùn-ún 2009 pàṣẹ pé kí ìwé owó káàdì máa kọ ọ́ fún oníbàárà ní kedere iye ọdún tí yóò gbà á bó bá jẹ́ owó tó kéré jù nìkan ló ń san. Ó wà níbẹ̀ lóṣooṣù. Ó ya mi lẹ́nu, ó sì ń dùn mí, pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé wa kì í wò ó. Ẹni tí kò bá tíì lè san káàdì rẹ̀ tán kò tíì tó ẹni tí ń wá póìǹtì. Kó kọ́kọ́ san gbèsè, kó dá àjọ tàbí èsúsú pẹ̀lú àwọn ẹni tó fọkàn tán, kó kó owó ọkọ̀ jọ pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́, òkun kò ní sá lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Òfin 2009 yẹn kan náà ló sọ pé owó orí káàdì ẹ̀bùn kò gbọdọ̀ kú kó tó pé ọdún márùn-ún. Àyè wà, nígbà náà, láti máa rà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí owó bá ṣe ń wọlé, láìkánjú. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti lè ta ni lẹ́sẹ̀. Bí ẹ̀bìtì kò bá pa eku, á fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn: bí ìrìn-àjò bá forí ṣánpọ́n, owó tó ti orí káàdì ẹ̀bùn wọlé, orí káàdì ẹ̀bùn ló máa ń padà sí. Nígbà tí àrùn Kòrónà dá gbogbo ọkọ̀ afẹ́ dúró ní Oṣù Kẹta 2020, tó fi ju ọdún kan lọ kí ọkọ̀ tó tún gbéra ní Amẹ́ríkà, iyì ẹni tó ń fi káàdì àti rìsíìtì pamọ́ hàn kedere. Àwọn káàdì àwìn kan, irú Chase Sapphire Preferred, ní ìdáàbòbò fún ẹni tí àìsàn bá dá ìrìn-àjò rẹ̀ dúró, àmọ́ owó tí a fi káàdì náà tàbí póìǹtì rẹ̀ san ni wọ́n ń dá padà. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́gbọ́n kì í fi káàdì ẹ̀bùn san gbogbo rẹ̀. Á fi káàdì àwìn san àsansílẹ̀, á fi káàdì ẹ̀bùn san ìyókù, á sì ra ìdáàbòbò fún ara rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá le. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan ilé wa gan-an, n kò sì ní gbé e pamọ́. Ó ní àwọn káàdì ẹ̀bùn tí wọ́n ń tà lọ́wọ́ kejì ní ẹ̀dínwó tó ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Ẹ bi í pé níbo ló ti wá. A mọ̀ pé àwọn ọmọkùnrin kan wà, ní ilẹ̀ wa náà, tó ń tan àwọn arúgbó lókè òkun pé kí wọ́n lọ ra káàdì ẹ̀bùn, kí wọ́n ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn létí. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó. Àwọn mìíràn ń ha nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì nínú ilé ìtajà, wọ́n á dà á bo padà, wọ́n á sì dúró de ẹni tí yóò fi owó sí i. Nítorí náà, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni káàdì tàbí ilé ìtajà tó lórúkọ ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n ti ha á, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi káàdì ẹ̀bùn san owó orí tàbí gbèsè, olè ni. Ẹni tó bá fi omijé arúgbó ra yàrá nínú ọkọ̀, ilé tó fi itọ́ mọ ni, ìrì ni yóò wó o.

Èrè tó mọ́ pàápàá ní ẹni tó ń san án. Nínú ìwádìí kan, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, tí díẹ̀ lára wọn ń ṣiṣẹ́ ní Federal Reserve, fojú bù ú pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 15 dọ́là ló ń ti ọwọ́ àwọn tí kò mọ káàdì àwìn lò lọ sọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n lò lọ́dọọdún. Èlé ẹni tí kò rí owó san wà nínú póìǹtì ẹni tó rí owó san. Mo ti rò ó títí. N kò gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ṣọ́ra kọ èrè rẹ̀ sílẹ̀ nítorí èyí, nítorí báǹkì kò ní gbé e fún aláìní. Ṣùgbọ́n ó fi gbèsè ìwà sí i lọ́rùn. Ó yẹ kó jókòó ti àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, tí káàdì méjì àkọ́kọ́ ti ń gùn ún bí ẹṣin, kó kọ́ ọ bí a ti ń ka ìwé owó kó tó kọ́ ọ bí a ti ń kó póìǹtì jọ.

Ẹni tó ṣọ́ra yìí tún jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní nǹkan. Láti Philippines, Indonesia àti India ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ nílé fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n lè máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, kí wọ́n sì máa gbé oúnjẹ wa. Owó ìmọrírì tí à ń san fún wọn wà lára ohun tí wọ́n gbójú lé. Síbẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò kan wà tó máa ń tò sí iwájú ọ́fíìsì inú ọkọ̀ kí wọ́n lè yọ owó yẹn kúrò nínú àkáǹtì wọn, wọ́n á sì padà délé máa ṣògo pé àwọn mọ bí a ti ń fowó pamọ́. Ìyànjẹ ni, kò sí orúkọ mìíràn fún un. Ìwà lẹwà, ẹwà tí kò sí nínú ìwà ẹni kò sí nínú ọkọ̀ tó wọ̀.

Ní Oṣù Kẹrin 2023 ni Carnival fi owó yìí sí 16 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ fún yàrá lásán. Ní iye yẹn, fún tọkọtaya wa, ọjọ́ méje, ó jẹ́ 224 dọ́là, iye tí káàdì ẹ̀bùn àti póìǹtì mú wálé fún wọn gẹ́lẹ́. Carnival gbà kí a san án sílẹ̀ pọ̀ mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Mo bẹ̀ yín, ẹ san án sílẹ̀, kí ẹ sì san án pé.